Ìrìn-Àjò Mi sí Ajah, Níbi Tí Wọ́n Ti Ń Fi Iná Kọ́lé

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi ní ogójì ọdún sẹ́yìn pé èmi yóò wọ mọ́tò láti Ìbàdàn lọ sí Ajah nítorí káàdì iná kan tí kò gùn ju àtẹ́lẹsẹ̀ àgbàlagbà lọ, ǹ bá ní kí ó lọ fi omi tútù bọ́jú. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí ní oṣù kẹrin ọdún 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó pè mí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó ń gbé ní Ajah ti fi owó àjọ ra kọ̀ǹpútà, ohun tí ó sì fi ń jẹun nìyẹn. A kò tíì dá àjọ náà tán, orúkọ ìyá rẹ̀ ni ó wà nínú ìwé, kọ̀ǹpútà sì ti ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ìwọ tí o ti tún rédíò ṣe rí, lọ bá mi wo ohun tí ọmọ yìí ń fi iná ṣe kí ó tó jó ilé onílé.” Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì mo ti wà nínú mọ́tò.

Ọbalénde ni mo ti wọ dánfó tí ó ń lọ sí Ajah. Ẹni tí kò bá tíì gba ọ̀nà yẹn rí, kí ó fún ara rẹ̀ ní àyè. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni Lekki, òkun wà ní apá ọ̀tún, ọ̀sà wà ní apá òsì, ọ̀nà ńlá kan sì la àárín wọn kọjá títí dé Ẹ̀pẹ́. Kí a tó dé ẹnu ibodè owó ọ̀nà ni ìlú Màrókò wà rí. Ní oṣù keje ọdún 1990, nígbà tí Ọ̀gágun Raji Rasaki ń ṣe gómìnà ológun Èkó, ìjọba kó katakata wọ ibẹ̀, wọ́n sì wó o palẹ̀. Àwọn tí kò nílé lórí mọ́ tó nǹkan bí 300,000. Díẹ̀ nínú wọn ni wọ́n kó lọ sí ilé ìjọba ní Ìlàsàn àti Ikota, ojú ọ̀nà kan náà tí à ń gbà yìí. Ẹnu ibodè náà fúnra rẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ jókòó sí ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, tí àwọn sójà sì yìnbọn níbẹ̀ ní alẹ́ ogúnjọ́ oṣù náà. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ẹni kan nínú mọ́tò ṣí fìlà. N kò bi í léèrè ìdí rẹ̀.

Láti ibẹ̀ lọ, pátákó ni mo ń kà. Ìkàtẹ́, Jakande, Àgùńgì, Ìgbó Ẹfọ̀n, Chevron, Ikota, kò sí ibi tí pátákó àwọn tí ń ta ilẹ̀ kò sí. Ilé funfun, gíláàsì láti òkè dé ilẹ̀, adágún ìlúwẹ̀ẹ́, ọmọ òyìnbó méjì tí ń fi bọ́ọ̀lù ṣeré lórí koríko. Mo bi ọkùnrin tí ó jókòó tì mí pé níbo ni ilé wọ̀nyí wà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n wà.”

Òtítọ́ ni ó sọ, àwọn tí ń kọ́ wọn síbẹ̀ sì ni irú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi.

Mo bá a ní yàrá rẹ̀ ní ojú ọ̀nà Badore, ilé alájùmọ̀gbé. Ó dọ̀bálẹ̀. “Ẹ kú ìrìn o, Bàbá. Ṣé ọ̀nà kò dí?”

Mo ní, “Ọ̀nà Ajah tí kò dí, fi hàn mí kí n lọ wò ó.”

Ó bu omi fún mi, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọkàn rẹ̀ kò sí nílé. Oníbàárà kan tí ń ta ilẹ̀ ní Ṣàngótẹ̀dó ti gbé iṣẹ́ fún un: àwòrán tí ń rìn, tí yóò gba ìṣẹ́jú kan, tí yóò mú ènìyàn wọ ẹnu géètì títí dé orí ibùsùn. Ó gbọ́dọ̀ fi jíṣẹ́ ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò gbé e fún ẹlòmíràn. Owó àjọ oṣù mẹ́ta ni ó ń wò nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ń jẹ́ káàdì àwòrán fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, nítorí èmi náà kò mọ̀ ọ́n dáadáa kí n tó dé ibẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà ni ó wà, fáànù sì wà lórí rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣírò bí ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe bọ́ sára ògiri àti gíláàsì. Ìlù kan wà nínú rẹ̀: bí ìlù bá ti dún lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ sún síwájú lẹ́ẹ̀kan. Ti ọmọ yìí jẹ́ GTX 1060 tí ilé-iṣẹ́ NVIDIA gbé jáde ní ọdún 2016. Wọ́n dá ìlù rẹ̀ sí 1,506 mílíọ̀nù ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí ara bá sì tù ú, ó lè sáré dé 1,708 mílíọ̀nù tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Tòkúnbọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ irú wọn ni àwọn tí ń fi káàdì wa owó Ethereum ní ìlú òkèèrè ti lò nílòkulò, tí wọ́n sì tà nígbà tí iṣẹ́ náà dópin ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Ẹni tí ó bá rà á ní ọjà kò lè mọ ìyà tí ó ti jẹ.

Ọmọ náà ti fi ètò kan tí ń jẹ́ Afterburner mú ìlù náà yára sí i. Bí onílù bá yára jù, oníjó yóò ṣi ẹsẹ̀ gbé, ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ nìyẹn: ẹ̀fúùfù àwọ̀ pupa àti ewé bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n káàkiri ògiri funfun, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ kú. Nígbà náà ni ó pinnu láti fún oníjó ní oúnjẹ sí i, ìyẹn ni pé kí ó gbé fóòtì sókè. Fóòtì ni ipá tí ń ti iná lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣe káàdì náà ti fi àgádágodo sí i: ètò inú kọ̀ǹpútà kò lè gbé e kọjá nǹkan bí 1.09 fóòtì. Ẹni tí ó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi kí ó yọ́ òjé.

Àwọn kan máa ń rò pé iná NEPA tí ń lọ sókè sódò ni ó ń wọ inú káàdì wọ̀nyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àpótí kan nínú kọ̀ǹpútà ti sọ iná 230 di 12 fóòtì kí ó tó dé ibẹ̀, káàdì fúnra rẹ̀ sì tún sọ 12 di bí 1. Ṣùgbọ́n nítorí pé fóòtì kéré, iná tí ń ṣàn nínú rẹ̀ pọ̀ gan-an, ó lè tó 80 áńpíà, bẹ́ẹ̀ fíúsì ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ilé wa kì í ju 13 lọ. Nígbà tí ó sọ èyí fún mi, mo gbé àga mi sẹ́yìn díẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá kan tí ń tún ẹ̀rọ ṣe ní àdúgbò dé pẹ̀lú irin òjé rẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó sì mọ iṣẹ́. Ó ṣàlàyé fún mi pé nǹkan kékeré kan wà lórí káàdì tí ó ń ṣọ́ fóòtì, bí oníbodè. Ẹsẹ̀ kan wà lára rẹ̀ tí ó fi ń tọ́ ọ wò. Bí a bá jó resístọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ yẹn, tí a so ìdí kejì rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ iná, oníbodè yóò rò pé iná ti dínkù, yóò sì tú sí i sílẹ̀. Resístọ̀ ọ̀hún jẹ́ èyí tí a lè yí, bí bọ́tìnì tí a fi ń yí ohùn rédíò sókè. Mo rẹ́rìn-ín nínú ara mi, nítorí ní Mọ́kọ́lá, nígbà èwe mi, mo ti tan ẹ̀rọ gbohùngbohùn oníbàárà jẹ lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ó dún kíkankíkan fún ìyàwó méjì ní ọjọ́ Sátidé kan, ní òkú kẹta ó jóná. Ọdún kan gbáko ni mo fi san owó rẹ̀.

Ọ̀gá náà kò fẹ́ fi ohun olóhun dán an wò. Káàdì àtijọ́ kan tí ó jẹ́ tirẹ̀ ni ó kọ́kọ́ lò. Ó jó resístọ̀ mọ́ ọn, ó yí i díẹ̀díẹ̀, ìlù sì ń yára. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń pàtẹ́wọ́. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí òórùn kan jáde, gbogbo wa sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú káàdì náà dú. Ọ̀gá náà wò ó títí, ó ní, “Ooru ni. Bí ó bá jẹ́ ìlú òtútù ni, kò ní rí báyìí.”

Ọ̀rọ̀ gidi ni ó sọ. Àwọn tí ń fi eré yìí díje ní òkèèrè máa ń da naitirojini olómi lé káàdì lórí, ohun tí ó tutù dé dígírì 196 nísàlẹ̀ òdo. Ní Ajah, yàrá tí a jókòó sí jẹ́ dígírì 33. Káàdì tí ó máa ń fi 50 gbóná ju yàrá lọ yóò jẹ́ 75 ní ilé ẹni tí ẹ̀rọ atẹ́gùn tútù rẹ̀ mú yàrá wá sí 25. Ní ibi tí a wà yìí, 83 ni, ibẹ̀ gan-an sì ni GTX 1060 ti máa ń fúnra rẹ̀ dín ìlù kù. Ẹ tún wò ó: bí fóòtì bá gbéra láti 1.05 dé 1.15, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá tí ó fi lọ sókè, ṣùgbọ́n ooru yóò fi ìdá kan nínú márùn-ún pọ̀ sí i. Ẹ wá fi eruku àti atẹ́gùn iyọ̀ òkun kún un, èyí tí ń jẹ irin ojú fèrèsé wọn ní Lekki bí ikán.

Mo wá béèrè ohun tí ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ béèrè. Mo ní, “Àwòrán mélòó ni ó wà nínú ìṣẹ́jú kan yìí?”

Ó ní, “1,500 ni, Bàbá. Márùndínlọ́gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.”

“Ẹyọ kan ń gbà tó ìṣẹ́jú mélòó?”

“Mẹ́ta.”

A mú bírò. Ìṣẹ́jú 4,500, wákàtí 75. Agogo mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni a wà, wákàtí 60 péré ni ó kù. Bí ìlù bá sì yára pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́wàá láìjóná, wákàtí 68 ni yóò gbà. Ọmọ náà wo ìwé náà, kò lè sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ fi káàdì tí ìyá rẹ̀ jẹ gbèsè lé lórí ta tẹ́tẹ́ tí kò lè jẹ.

Òun fúnra rẹ̀ ni ó rí ọ̀nà, kì í ṣe èmi. Nínú Blender, ètò ọ̀fẹ́ tí ó fi ń ṣiṣẹ́, a lè dín iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń wo ìmọ́lẹ̀ kù, kí a sì ní kí ó nu ẹ̀gbin ojú àwòrán nígbà tí ó bá ṣe tán. Ó dán an wò lórí àwòrán mẹ́ta, èmi kò sì rí ìyàtọ̀. Ìṣẹ́jú méjì lọ́kọ̀ọ̀kan, wákàtí 50. Ó wá fi Afterburner mú fóòtì wálẹ̀ sí 0.9. Ooru lọ sílẹ̀, fáànù dákẹ́ ariwo, ìlù kò sì falẹ̀ ju díẹ̀ lọ, nítorí ooru tí ń dá a dúró tẹ́lẹ̀ kò sí mọ́. Mo ní kí ó máa fi àwòrán kọ̀ọ̀kan pamọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pé bí iná bá lọ, ìṣẹ́jú méjì péré ni yóò bá a lọ.

Iná sì lọ. Àdúgbò rẹ̀ kò sí nínú àwọn Band A tí wọ́n sọ owó iná wọn di ₦225 ní oṣù náà gan-an, nítorí náà owó rẹ̀ kéré, iná náà sì kéré. Ní òru Sátidé a fa jẹnẹrétọ̀ kékeré jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní “mo sàn ju aládùúgbò mi lọ”. Ìwọ̀n wáàtì 250 tí ẹ̀rọ náà ń jẹ kò pá a láyà, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà kan ti kọjá ₦500. Èmi ni mo ra epo. N kò ní gba owó náà padà, mo mọ̀. A gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé nítorí èéfín, èmi sì ń ṣọ́ ọ ní ìta pẹ̀lú ẹ̀fọn Badore, kí olè má gbé e.

Ní nǹkan bí agogo mẹ́rin àárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwòrán tí ó kẹ́yìn jáde. Ọmọ náà ti sùn lórí àga. Mo jí i.

Oníbàárà san ìdajì, ó ní ìyókù di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ìdajì náà lọ tààrà sọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Mo ní kí ó tó sìn mí dé ibùdókọ̀, kí ó mú mi dé Ṣàngótẹ̀dó kí n fi ojú mi rí ibi tí mo ti gbé inú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. A dé ibẹ̀. Pátákó kan wà, koríko gíga wà, lékeléke mẹ́rin ń jẹ̀. Ó na ìka sí ibi tí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ yóò wà. Omi ti wà níbẹ̀.