Òógùn Ẹ̀rọ

Ní oṣù keje ọdún tó kọjá, omi bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nílẹ̀ yàrá abẹ́ ilé wa ní Maryland. Ibẹ̀ ni Mọ́mì ń sùn láti ìgbà tí wọ́n ti wá bá wa tọ́jú ọmọ tuntun. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀rọ tó ń se omi gbóná fún gbogbo ilé wà.

Lọ́jọ́ kìíní, mo nù ún. Lọ́jọ́ kejì, ó tún wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ẹsẹ̀ Mọ́mì yọ̀, díẹ̀ ló kù kí wọ́n fi orí gbá ògiri. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù náà sì di ìbínú. Mo ní, "Mọ́mì, ṣé kì í ṣe omi aṣọ ọmọ tí ẹ ń fọ̀ lẹ ń dà sílẹ̀?"

Wọ́n wò mí títí. "Àkànní, èmi kọ́. Ẹ̀rọ yín ló ń làágùn."

Mo rẹ́rìn-ín. Báwo ni irin ṣe ń làágùn? Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo ti ń wo iye owó ẹ̀rọ tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí mo ti gbà pé táǹkì ló jò. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún dọ́là. Kí n tó sanwó, mo rántí ohun tí àwọn olùkọ́ wa ní ẹ̀ka yìí máa ń tẹnu mọ́: kí èèyàn tó túmọ̀ ọ̀rọ̀, kó kọ́kọ́ ka gbogbo gbólóhùn. Mo bá wá ìwé ẹ̀rọ náà jáde.

Bí fíríìjì ṣe ń fa ooru kúrò lára oúnjẹ, tó ń tú u sí ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ń fa ooru inú afẹ́fẹ́ yàrá, tó ń kó o sínú omi táǹkì. Àwọn páìpù tó fi ń fa ooru náà máa ń tutù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á sì sẹ̀ sí wọn lára bí ìrì. Omi yẹn á kán sínú àwo kan, á gba rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ jáde lọ sí ihò tí omi ń gbà lọ nílẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn níbí, tí afẹ́fẹ́ lọ́rinrin, ló sì máa ń pọ̀ jù. Ohun tí ìwé fi ojú ewé méjì ṣàlàyé, Mọ́mì ti fi ọ̀rọ̀ kan sọ ọ́.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo fi bébà ìnuwọ́ gbígbẹ kan ìdí táǹkì àti gbogbo oríkèé páìpù omi. Gbogbo wọn gbẹ. Òkè, níbi tí rọ́bà òógùn ti bẹ̀rẹ̀, ni omi ti ń ṣàn wálẹ̀, ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ nìkan sì ni.

Mo fi brẹ́kà pa iná rẹ̀, mo tú rọ́bà náà. Ohun tó dí i ń fà bí ewédú. Mo fi ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ tó lè fa omi fà á jáde, mo da ife fíníga kan sí i, lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn án. Ìgbà yẹn ni mo rí àṣìṣe mi. Nígbà tí mo ń to àpótí Mọ́mì, mo ti rọ́bà náà sókè ní àárín. Kò sí ohun tó ń ti omi yìí. Ó gbọ́dọ̀ máa dagẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ibi tó ti dúró ni ìdọ̀tí ti hù.

Mo tún un so, mo da omi sínú àwo láti dán an wò. Ó jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀. "Mọ́mì, ẹ má bínú."

"Dìde. Ṣé ìwọ kọ́ lo máa ń bá mi da garawa abẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ṣọ́ọ̀bù nù ni?"

Èmi ni. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé garawa yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ẹ̀rọ yìí, ẹ máa da fíníga sí rọ́bà rẹ̀ lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Kí ẹ sì tó bèèrè ẹni tó da omi sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó ti ń sun.