Ilé Àtijọ́ Kan ní Peckham

Ẹ̀yin ìyá ọ̀dọ́, bí ẹ bá dé Peckham ní gúúsù London, ẹ lè rò pé ẹ kò tíì kúrò nílé. Ní òpópónà Rye Lane, iṣu àti ẹ̀lùbọ́ wà lórí àtẹ, ẹ óò sì gbọ́ èdè Yorùbá lẹ́nu àwọn tí ń nájà. Ṣùgbọ́n bí ó bá di oṣù kìn-ín-ní ọdún, òtútù yóò rán yín létí ibi tí ẹ wà.

Àbúrò mi obìnrin bímọ níbẹ̀, mo sì lọ bá a wẹ ọmọ. Láti ayé Ọbabìnrin Victoria ni ilé tí wọ́n ń gbé ti wà. Bọ́ílà àtijọ́ kan nílé ìdáná ń fi gáàsì mú omi gbóná. Omi náà á gba inú páìpù lọ sí àwọn hítà irin tí ó wà lára ògiri yàrá kọ̀ọ̀kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, yàrá ọmọ tutù nini.

Mo fọwọ́ ba àwọn hítà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àyẹ̀wò yìí kò náni ní kọ́bọ̀. Bí òkè hítà bá tutù tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì gbóná, afẹ́fẹ́ ló há sínú rẹ̀. Ẹ pa bọ́ílà, ẹ jẹ́ kí omi rọlẹ̀, kí ẹ wá fi kọ́kọ́rọ́ kékeré tí a ṣe fún un tú ẹnu rẹ̀ díẹ̀, kí akísà wà lábẹ́ rẹ̀. Bí omi bá ti yọ, ẹ dè é padà. Bí ìsàlẹ̀ ló bá tutù, ẹrẹ̀ irin tó dípẹtà ló sílẹ̀ síbẹ̀. Iṣẹ́ oníṣẹ́ nìyẹn. Bí gbogbo hítà òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bá tutù tí ti ìsàlẹ̀ sì gbóná, ó lè jẹ́ pé omi ti tán nínú táńkì kékeré tó wà lábẹ́ òrùlé.

Afẹ́fẹ́ ni ti yàrá ọmọ. Mo tú u, ó gbóná, inú mi sì dùn.

Nígbà tí mo padà wo bọ́ílà ni àyà mi já. Iná rẹ̀ kò jó búlúù mọ́. Ó pupa rúsúrúsú bí iná fìtílà, èéfín sì ti kun ògiri. Ó ti di ọjọ́ méjì tí orí ti ń fọ́ àbúrò mi, àìsùn ni a pè é. Mo wá rántí pé èmi gan-an ni mo fi aṣọ dí ihò atẹ́gùn ilé ìdáná lọ́jọ́ tí mo dé, nítorí òtútù. Èmi tí mo ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé!

Irú bọ́ílà bẹ́ẹ̀ ń mí láti inú yàrá tí ó wà. Bí atẹ́gùn kò bá tó o, gáàsì kì í jó tán, carbon monoxide ni yóò máa yọ. Kò lóòórùn, kò láwọ̀, ó sì ń pani lójú oorun.

A pa bọ́ílà, a ṣí fèrèsé àti ìlẹ̀kùn, a gbé ọmọ jáde, a sì pe 0800 111 999, nọ́ńbà pàjáwìrì gáàsì. Dókítà yẹ ìyá àti ọmọ wò. Ọlọ́run ṣeun, wọn kò fara pa. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Gas Safe nìkan ló lè tún bọ́ílà gáàsì ṣe. Irú rẹ̀ ló fọ̀ ọ́, tó sì tún un ṣe. A ra ẹ̀rọ kékeré tí í ké bí carbon monoxide bá wà nínú ilé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Carbon monoxide yìí kan náà ni jẹnẹrétọ̀ àti ìkòkò èédú ń tú jáde. Ẹ má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ẹ má sì gbé èédú tó ń jó wọ yàrá ọmọ. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kọ́kọ́ jáde síta kí ẹ tó wá oògùn.

Ó dìgbà kan ná.