Ohun tó ń gbé àgbà ró nílé, ẹ jẹ́ kó bá wọn dé Lọ́ńdọ̀nù

Lóde òní, ìyá àgbà tí ọmọ rẹ̀ bímọ sílùú òyìnbó kò ní í pẹ́ palẹ̀ ẹrù mọ́, yóò ní òun ń lọ wẹ ọmọ. Ohun ayọ̀ ni. Gbogbo ilé á máa sáré èlùbọ́, ata gígún àti ọṣẹ dúdú tí wọ́n máa dì sí báàgì. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba èèyàn ló ń bi ìyá náà pé, "Màmá, oògùn yín ńkọ́? Ta lẹ ó máa bá sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún?"

Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2018, mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo lọ kí àbúrò mi obìnrin ní Peckham, níhà gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá wa ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti oṣù Keje. Oṣù 3 ni wọ́n kọ́kọ́ dá, ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò mi padà síbi iṣẹ́, wọ́n bẹ Màmá kí wọ́n dúró pé oṣù 6 tí físà gbà wọ́n láyè.

Peckham kì í ṣe ibi tó yẹ kó ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Bí ẹ bá gba Rye Lane kọjá, ẹ ó rí iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti gààrí lórí àtẹ, ẹ ó sì máa gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n Màmá, tí wọ́n máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà Bódìjà n'Ìbàdàn, kì í jáde. Tí tọkọtìyàwó bá ti lọ síbi iṣẹ́, ó di àwọn àti ọmọ ọwọ́, nídìí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Nínú oṣù Kejìlá, kí aago 4 ìrọ̀lẹ́ tó lù, oòrùn ti wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti ọdún 2014 ni bọ́ọ̀sì ibẹ̀ kò sì ti gba owó lọ́wọ́ èrò mọ́, káàdì ni wọ́n ń lò. Màmá ní, "Ọkọ̀ tí kò gbowó, báwo ni mo ṣe fẹ́ wọ̀ ọ́?" Wọ́n tún ní àwọn kí aládùúgbò kan láàárọ̀, ó kàn mi orí, ó tilẹ̀kùn. Mo ṣàlàyé fún wọn pé kì í ṣe àrífín. Lójú tiwọn, ẹni tí kò da ẹlòmíì láàmú ló mọ ìwà hù. Màmá ní, "Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹnu mi ń rùn."

Lọ́jọ́ kẹta tí mo débẹ̀, mo rí i pé ẹsẹ̀ wọn wú. Mo wọn ìfúnpá wọn, ó jẹ́ 176/100. Mo ní kí wọ́n kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wá. Oògùn oṣù 3 tó yẹ kó ti tán nínú oṣù Kẹwàá ṣì ṣẹ́ kù. Mo béèrè ìdí. Wọ́n ní, "Ìyá Táyé, mò ń fo ọjọ́ kan lò ó ni. Mi ò fẹ́ dá kún ìnáwó àbúrò rẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í ṣe ìgbà tí orí bá ń fọ́ni nìkan. Òtútù pàápàá máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ sún kì, kí ìfúnpá sì lọ sókè. A mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà àdúgbò, ó sì fún wọn lóògùn. Àbúrò mi ra káàdì bọ́ọ̀sì fún wọn. Ìyá àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ń wá mú wọn lọ sí Rye Lane lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Láàárọ̀, wọ́n á wọ kóòtù, wọ́n á ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yí àdúgbò ká. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3, ìfúnpá wọn ti wálẹ̀ sí 142/84, wọ́n sì ti ń ná ọjà iṣu bí ẹni wà ní Bódìjà.

Nítorí náà, bí Màmá tàbí Bàbá bá ń lọ, ẹ ra oògùn tí yóò tó wọn lò dé ọjọ́ ìpadàbọ̀, kí ẹ fi ti ọ̀sẹ̀ 2 lé e. Ẹ fi í sínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú ìwé dókítà, kó sì wà nínú báàgì ọwọ́. Nínú bàálù, kí wọ́n máa dìde rìn, kí wọ́n máa yí ọrùn ẹsẹ̀, kí wọ́n sì máa mu omi, nítorí pé ìjókòó pípẹ́ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Ẹ ra ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò, kí ẹ má sì fi àìsàn tó wà nílẹ̀ pamọ́ fún wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í gbowó ìtọ́jú ní ẹ̀ka pàjáwìrì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá àlejò dúró sórí bẹ́ẹ̀dì, owó gọbọi ni. Ẹ kọ 999 sára ògiri fún ọjọ́ ìṣòro. Láti oṣù Kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, oòrùn ibẹ̀ kò lágbára tó láti fún ara ní fítámìnì D, ẹ bi dókítà nípa èyí tí wọ́n lè máa lò.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí Màmá tó gbéra ni kí ẹ ti mọ ẹni tí yóò máa mú wọn jáde, àti ẹni tí wọn yóò máa bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má fi oògùn ṣọ́wó ná fún ọmọ. Tí ara yín ò bá le, ìnáwó tí ẹ ń sá fún gan-an lẹ ó kó wọn sí.

Àwọn Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí àgbà ṣe ń tún orí ọmọ tuntun ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa wo orí àgbà náà.