Láfún Ló Ń Yan Tábìlì

Nírọ̀lẹ́, lẹ́bàá títì tó gba Ewékorò kọjá láti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, tírélà máa ń tò síra wọn lẹ́yìn bí ọmọ iléèwé tó ń dúró de oúnjẹ. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n wá gbé. Bí ìlà bá gùn, awakọ̀ á sùn. Bí oorun bá dá lójú rẹ̀, ebi ni yóò kọ́kọ́ kí i. Ìgbà náà ni mọ́tò-bọ́ì á bọ́ sílẹ̀, á ṣí àpótí irin tó wà lábẹ́ ọkọ̀, á sì máa fa ilé ìdáná kan yọ lẹ́yọ lẹ́yọ: sìlíńdà kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní káńpù gáàsì, ìkòkò tí ìdí rẹ̀ ti dúdú, ọbẹ, kéègì omi, ike ata, àti pákó pẹlẹbẹ kan. Á gbé pákó náà lé orí táyà tí wọn kò lò. Tábìlì dé nìyẹn. Kò ní pẹ́ tí àlùbọ́sà á fi máa pariwo nínú epo.

Bí ẹnìkan bá sọ fún awakọ̀ yìí pé àwọn èèyàn wà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù tó ń fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko yan irú ilé ìdáná alágbèéká bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń wọn gígùn tábìlì, tí wọ́n ń gbé sítóòfù kan lé ìwọ̀n pẹ̀lú òmíràn, tí wọ́n ń béèrè bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ká àti bóyá apá rẹ̀ ń yọ, ẹ̀rín ni yóò fi ṣe. Bẹ́ẹ̀ ó ti yan tirẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé kò pe yíyàn náà ní yíyàn.

Òǹkọ̀wé yìí fi owó ara rẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń yan irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Tábìlì alumíníọ̀mù kan ló rà, èyí tó ń ká wọ inú àpò bí agbòjò. Ó fúyẹ́ débi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá lè gbé e. Ó ní ojú ibi tí sítóòfù ń jókòó sí, ojú ibi tí wọ́n ti ń gé ẹran, ìkọ́ tí wọ́n ń fi ṣíbí kọ́, àti páànù pẹlẹbẹ mẹ́ta tó ń dènà afẹ́fẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló ń yọ, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ ara wọn. Lójú ẹni tó rà á, ọ̀rọ̀ ti parí. Ó gbé e lọ sí abúlé kan ní ìhà Ìtòrí, níbi tí ẹbí ti fẹ́ ṣe ìrántí bàbá àgbà.

Omi tíì hó lórí rẹ̀. Ẹyin dín. Àwọn ọmọdé ń ya fọ́tò rẹ̀. Àfìgbà tó kan láfún.

Ẹ̀gbọ́n ìyá òǹkọ̀wé yìí, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, da ìyẹ̀fun sínú omi gbígbóná, ó sì ki orógùn bọ̀ ọ́. Ó rò ó lẹ́ẹ̀kan, tábìlì jó. Ó rò ó lẹ́ẹ̀kejì, tábìlì yí ìdí. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni ẹsẹ̀ kan yẹ̀ kúrò nínú ihò rẹ̀, ìkòkò fì síbìkan, sítóòfù sì tẹ̀ lé e. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọkùnrin kan tó sáré pa iná. Díẹ̀ nínú láfún dà sórí koríko, adìyẹ sì mọ ohun tó kù láti ṣe.

"Ìwọ ọmọ yìí," Ìyá Àgbà ló sọ̀rọ̀, ó ṣì di etí ìkòkò mú pẹ̀lú àkísà, "gbé e sílẹ̀ fún mi. Kí ni ìkòkò láfún ń wá lókè?"

Ìbéèrè yẹn ni kò sí nínú gbogbo ohun tí òǹkọ̀wé yìí ti kà kó tó ra tábìlì. Àwọn tó ń ṣe é kọ ọ́ sí ara páálí rẹ̀ pé ó lè gbé ọgbọ̀n kílò. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ọgbọ̀n kílò tó jókòó jẹ́ẹ́ ni. Apá ẹni tó ń ro ọkà kì í tẹ ìkòkò mọ́lẹ̀ lásán. Ó ń fà á sọ́tùn-ún, ó ń tì í sósì, ó ń pọ́n ọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò kí kókó inú rẹ̀ lè fọ́. Ẹni tó ro iṣẹ́ tábìlì náà, ẹyin àti kọfí ló wà lọ́kàn rẹ̀. Oúnjẹ tí kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Láfún sì ń bá èèyàn jà. Nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń bó, tí wọ́n ń rẹ sínú omi fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí yóò fi rọ̀, kí wọ́n tó sá a sórí àpáta tàbí etí títì, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Àmàlà funfun tó ń tinú rẹ̀ jáde yàtọ̀ sí ti èlùbọ́ iṣu. Ó máa ń fà, ó sì máa ń di orógùn mú. Wọ́n ń rò ó, wọ́n ń bu omi lé e, wọ́n ń dé e kó lè jinná, wọ́n tún ń padà rò ó. Ẹni tó bá fẹ́ ra ohun ìdáná alágbèéká ní Abẹ́òkúta tàbí Ewékorò, kó tó béèrè iye owó, kó gbé orógùn dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń tà á lè bínú. Kó bínú.

Bí a bá ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ìlú Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀ ti ibùdó bẹ̀rẹ̀. Ní 1830, nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé kiri wá sábẹ́ àpáta Olúmọ, kò sí ẹni tó gbé tábìlì dání. Títí di òní, àwọn tó ń mú àlejò gun àpáta náà máa ń fi àwọn ihò kan hàn wọ́n lórí òkúta, wọ́n á ní ibẹ̀ ni àwọn ìyá ti ń lọ ata àti oúnjẹ nígbà ogun. Àwọn tó ń sá kiri wọ̀nyí, ìdúró ni wọ́n fi ṣe ohun ìdáná wọn. Wọ́n wá òkúta tí kò lè mì, wọ́n sì fi iṣẹ́ tó gba agbára jù sórí rẹ̀. Ìkòkò ni wọ́n ń gbé kiri.

Ààrò mẹ́ta náà kò ṣẹ̀yìn irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ìkòkò ńlá bá dé, ẹ sún òkúta jìnnà síra. Ìkòkò kékeré bá dé, ẹ sún un súnmọ́ra. Ohun tó ṣeé tò, tó ṣeé tú, tó ń gba gbogbo ìwọ̀n, ni wọ́n wá ń pariwo rẹ̀ lónìí bí ohun tuntun. Àbùkù rẹ̀ ni èéfín. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èéfín inú ilé látara irú iná bẹ́ẹ̀ pa bíi mílíọ̀nù 3.2 èèyàn kárí ayé ní 2020, nítorí náà kò sí ẹni tó yẹ kó fi orin ìyìn sin igi ìdáná lọ títí.

Àwọn òyìnbó pàápàá, nígbà tí iṣẹ́ gbé wọn dé inú pápá ní tòótọ́, ohun tí Ìyá Àgbà sọ ni wọ́n ṣe. Ní 1866, ní Texas, Charles Goodnight tó ń da màlúù lọ sí ọ̀nà jíjìn mú kẹ̀kẹ́ ẹrù ológun kan, ó kan àpótí onídúrọ́ọ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fi híńjì sí ìdérí àpótí náà. Bí wọ́n bá ṣí i sílẹ̀, ẹsẹ̀ kan á gbé e dúró, ó di tábìlì. Wọ́n ń gé ẹran lórí rẹ̀, wọ́n ń po ìyẹ̀fun lórí rẹ̀. Iná kò sí lórí rẹ̀ láéláé. Ilẹ̀ ni iná ń jó, nínú kòtò, ìkòkò irin oníwúwo sì jókòó sínú ẹyín. Àwọn darandaran Texas àti mọ́tò-bọ́ì Ewékorò kò mọ ara wọn rí, ṣùgbọ́n àpótí ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn, ìbátan ni.

Sítóòfù ló tún ọ̀rọ̀ náà yí. Ní 1892, Frans Wilhelm Lindqvist ṣe sítóòfù oníkẹrosíìnì tó ń fi pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ ní Stockholm, èyí tí wọ́n sọ ní Primus. Kì í yọ èéfín dúdú, ó sì ń gbóná kíákíá. Ó bá Amundsen dé òpin ayé ní gúúsù ní 1911, ó bá Hillary àti Tenzing gun Everest ní 1953. Òjò dídì ni wọ́n ń yọ́ lórí rẹ̀ fún omi tíì. Wọn kò ro nǹkan kan.

Ní Ewékorò, káńpù gáàsì ló gba ipò náà, ìdí tó fi gbà á sì hàn kedere. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tó ń wa òkúta ẹfun ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní December 1960, wọ́n sì ṣí apá kejì rẹ̀, tí wọ́n sọ ní Lakatabu, ní 2011. Ọkọ̀ kò yéé wá. Awakọ̀ tó ń sùn lójú ọ̀nà kò lè máa ṣa igi, kẹrosíìnì sì máa ń ba aṣọ àti gaàrí jẹ́ bó bá dà sínú àpótí. Sìlíńdà kílò mẹ́ta tàbí mẹ́fà tí bọ́nà rẹ̀ wà lórí rẹ̀ gangan kò ní họ́ọ̀sì tí yóò já, kò sì gba àyè. Àléébù rẹ̀ ni gíga. Ìkòkò wà lórí bọ́nà, bọ́nà wà lórí sìlíńdà, gbogbo rẹ̀ dúró lórí òrùka irin kékeré kan. Ó tó fún ìrẹsì, ó tó fún indomie. Awakọ̀ tó bá fẹ́ jẹ ẹ̀bà á gbé omi gbígbóná kúrò lórí iná kó tó rò ó nílẹ̀. Ọgbọ́n wà nínú ìyẹn ju èyí tó wà nínú tábìlì alumíníọ̀mù lọ.

Àwọn nǹkan kan wà tí ẹni tó ń rà á kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe sìlíńdà, ìwọ̀n gáàsì nìkan ló ń sọ. Ìwọ̀n irin òfìfo wà lára ọrùn rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n rọ gáàsì pé fún òun, kó ro méjèèjì pọ̀. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, bó bá jò, ilẹ̀ ló ń wá, kòtò ló ń jókòó sí. Nítorí náà àpótí abẹ́ ọkọ̀ tó bá ń gbé e gbọ́dọ̀ ní ihò nísàlẹ̀. Òórùn rẹ̀ tí kò dáa yẹn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i ni, kí imú lè gbọ́ kí iná tó rí i. Ṣùgbọ́n èéfín olóró tó ń jáde nígbà tí iná ń jó níbi tí afẹ́fẹ́ kò tó, káábọ́ọ̀nù mónóksáìdì, kò ní òórùn kankan, bí òjò bá sì lé awakọ̀ wọ inú ọkọ̀ pẹ̀lú sítóòfù, tó ti gíláàsì pa, oorun tó máa sùn lè máà ní jíjí. Ti afẹ́fẹ́ náà wà níbẹ̀: tírélà kan kọjá, iná fì, òmíràn kọjá, eruku wọ ọbẹ̀. Páànù ìdènà ló ń gbà wá, ìyẹn bí a kò bá fi ká sìlíńdà mọ́lẹ̀ yíká, nítorí ooru tí kò rí ọ̀nà lọ, ara sìlíńdà ló máa padà sí.

Àwọn alásè ló sún mọ́ òtítọ́ jù. Ẹ lọ síbi òkú àgbà tàbí ìgbéyàwó ní ìhà Pápáláńtó, ẹ wo ẹ̀yìn ilé. Ààrò irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí kò ju orúnkún lọ, ló ń gbé ìkòkò tí ọkùnrin méjì ń gbé. Igi lè wà lábẹ́ rẹ̀, bọ́nà gáàsì ńlá náà lè wà níbẹ̀; irin kan náà ń gba méjèèjì. Tábìlì wà lọ́tọ̀, gíga, pẹ̀lú rọ́bà tí wọ́n tẹ́ sórí rẹ̀, fún gígé àti bíbù. Ohun tó ń mì ń bẹ nísàlẹ̀, ohun tó jókòó ń bẹ lókè. Bí àríyá bá parí, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, ó di òde mìíràn.

Òǹkọ̀wé yìí gbà wọ́n gbọ́. Ó lọ bá wẹ́dà kan lẹ́bàá títì, ó fi ọwọ́ júwe gíga orúnkún rẹ̀. Wọ́n lo irin igun, wọ́n ya ẹsẹ̀ rẹ̀ síta díẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ, wọ́n so ẹsẹ̀ pọ̀ nísàlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá, wọ́n sì jó ìkọ́ méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ń di etí ìkòkò mú. Àárín rẹ̀ ṣófo kí bọ́nà lè jókòó sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, họ́ọ̀sì sì jáde lọ bá sìlíńdà ní ọ̀ọ́kán. Ó wúwo, kò ní àpò, ìpẹtà sì ti ń jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Kò ká.

Nígbà ìrántí tó tẹ̀ lé e, Ìyá Àgbà fi ẹsẹ̀ ta á lẹ́ẹ̀mejì, kò mì. Ó fa àpótí rẹ̀ súnmọ́ ọn, ó jókòó, ó tẹ ẹsẹ̀ kan mọ́ ọ̀pá ìsàlẹ̀, ó sì ki orógùn bọ ìkòkò. Tábìlì alumíníọ̀mù wà níbẹ̀ náà, lábẹ́ igi máńgòrò, ẹsẹ̀ tó yẹ̀ ti padà sípò. Báàgì Ìyá Àgbà àti gèlè rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ìgbakọ kan tó ń dúró de láfún.