Éèsì Inú Tírélà Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Fàájì

Bí a bá dárúkọ ẹ̀rọ amúlétutù tí a ń pè ní éèsì nínú tírélà, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ ni pé, "Kí ni awakọ̀ akẹ́rù fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ṣé ọkọ̀ rẹ̀ kò ní fèrèsé ni?" Ọ̀gá tó ni tírélà tí ọmọ àbúrò mi ń wà sọ ọ́ sí mi létí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ fi ohun tí mo fojú ara mi rí ṣàlàyé ìdí tí kò fi rí bẹ́ẹ̀.

Láti Èkó ni ọmọ náà ti ń kó ẹrù lọ sí Jos. Ọkọ̀ Yúróòpù ni wọ́n fún un, irú èyí tí imú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tó jẹ́ pé abẹ́ ìjókòó awakọ̀ gan-an ni ẹ́ńjìnnì wà. Oòrùn ń bẹ lókè, iná ẹ́ńjìnnì ń bẹ nísàlẹ̀. Ooru a máa mú kí ó rẹ ènìyàn, kí oorun sì máa kùn ún. Bí òjò bá dé, tí a ti fèrèsé, èémí a bo gíláàsì iwájú. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí éèsì ń fẹ́ jáde ló ń mú un mọ́. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hùrùhẹrẹ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹni tí tírélà ń bọ̀ níwájú rẹ̀ ni kí ó wá sọ bóyá fàájì ni kí ojú awakọ̀ dá.

Nígbà tí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ éèsì náà gan, ọ̀gá ra tòkúnbọ̀ ní Gate, n'Íbàdàn, mẹkáníìkì kan sì so ó mọ́ ọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìyẹn náà fi gan. Ọ̀gá ní ọmọ náà ló bà á jẹ́, pé òun yóò yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. Ni ọmọ bá tọ̀ mí wá: "Bàbá Àáfà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i." Àwọn ọmọ kéwú wà nínú ìsinmi, mo bá tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ éèsì ọkọ̀.

Bàbá náà kò fọwọ́ kan kọ́ńpúrẹ́sọ̀ ná. Dráyà, ìyẹn agolo tó ń sẹ́ ìdọ̀tí tó sì ń fa omi kúrò nínú gáàsì, ni ó kọ́kọ́ tú. Ó gbọ̀n ọ́n sórí ìwé ìròyìn, ẹ̀rún irin sì dà sílẹ̀. Ó wá ṣàlàyé fún wa. Kọ́ńpúrẹ́sọ̀ tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ń yí ló ń ki gáàsì mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbóná. Gáàsì náà yóò lọ sí kọ́ńdẹ́ńsà níwájú ọkọ̀, yóò tú ooru rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, yóò sì di olómi. Yóò gba inú dráyà kọjá, yóò gba ojú ihò tóóró kan bọ́ sínú páìpù tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tí yóò ti fa ooru inú ọkọ̀ mọ́ra kí ó tó padà síbi tó ti wá. Bí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ bá fọ́ nínú, ẹ̀rún irin rẹ̀ yóò bá gáàsì rìn káàkiri. Tuntun tí a bá so mọ́ ọn yóò gbé ìdọ̀tí èyí tó kú mì.

Ọ̀rọ̀ náà yé mi kíákíá. Ní ilé kéwú, a kì í kọ ẹ̀kọ́ tuntun lé ti àná lórí wàláà. A ó kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, a ó sì sá a kí ó gbẹ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni bàbá ṣe. Ó fọ inú àwọn páìpù. Ó pààrọ̀ kọ́ńdẹ́ńsà, nítorí ojú ihò rẹ̀ kéré ju ohun tí ènìyàn lè fọ̀ mọ́ lọ. Ó pààrọ̀ fáàfù ojú ihò tóóró náà àti àwọn rọ́bà ojú ìsopọ̀. Dráyà tuntun ló so kẹ́yìn, nítorí bí ẹnu rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀ pẹ́, omi inú afẹ́fẹ́ ni yóò máa mu. Ó fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde fún nǹkan bí wákàtí kan kí omi inú rẹ̀ lè gbẹ, kí ó tó wọn gáàsì R-134a lórí òṣùwọ̀n. Ó ní R-12 ni àwọn ń lò láyé àtijọ́, kí aráyé tó fẹnu kò ní Montreal lọ́dún 1987 láti dín irú gáàsì bẹ́ẹ̀ kù nítorí ìpalára tó ń ṣe lójú sánmà. Epo tó bá ọ̀kan mu kò bá èkejì mu. Fáànù pàápàá, wọ́n fẹ́ ta oníná fóòtì 12 fún wa. Fóòtì 24 ni ti ọkọ̀ náà. Kíá ni ìyẹn ì bá jó.

Bàbá tún rí i pé wọ́n ti gé páìpù ẹ̀rọ amóoru, wọ́n sì ti so orí rẹ̀ pọ̀. Omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì ló yẹ kí ó máa gba inú rẹ́díétọ̀ kékeré kan lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, kí fáànù máa fẹ́ ooru rẹ̀ wọlé. Èyí tó wà níbẹ̀ ti ń jò. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ òtútù Jos lóru ọyẹ́ kò ní bi í léèrè ìdí. Àti pé bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbóná jù lójú ọ̀nà, títan ẹ̀rọ náà a máa fa díẹ̀ nínú ooru rẹ̀ kúrò títí awakọ̀ yóò fi rí ibi dúró sí.

Kí a tó kúrò, bàbá fi rọ́bà dí gbogbo ihò tí páìpù gbà wọlé. Ó ní àwọn awakọ̀ a máa tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ sùn nítorí éèsì, bẹ́ẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Bí ó bá ráyè wọlé, ẹni tó sùn lè má jí mọ́. Ó kìlọ̀ fún ọmọ wa pé kí ó má dán an wò.

Mo di ẹ̀rún irin náà sínú ọ̀rá, mo gbé e lọ fún ọ̀gá. Ó fi ìka méjì rìn ín, ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àáfà, kò sí owó tí mo ń yọ mọ́."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ọkọ̀, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ fi ọkọ̀ lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí owó dráyà kan pa owó odindi kọ́ńpúrẹ́sọ̀. Kí ẹ tó dá awakọ̀ lẹ́bi, ẹ ní kí wọ́n tú dráyà, kí ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀.