Orúnkún Màmá Kọ́ Wa Lọ́gbọ́n

Lónìí, a ò ní sọ̀rọ̀ ajílẹ̀ tàbí kòkòrò. Ọ̀rọ̀ orúnkún la gbé wá, torí pé bí ẹsẹ̀ ò bá gbé àgbẹ̀ mọ́, oko rẹ̀ á di igbó.

Ládìpọ̀ ní Mushin là ń gbé. Ó ti pẹ́ tí màmá wa ti ń ta ẹ̀fọ́ àti ata lẹ́bàá ọjà, níbi tí àwọn tó ń ta páàtì mọ́tò ti ń gbé ẹ́ńjìnnì kọjá. Orí àpótí kékeré ni wọ́n máa ń jókòó sí láti àárọ̀ di alẹ́. Nígbà tó yá, wọn ò lè dìde láìdi nǹkan mú. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lórúnkún nìyẹn, ó tún gun ìgbáròkó.

A ní ká lọ sílé ìwòsàn, màmá kọ̀ jálẹ̀. "Ṣé kí wọ́n lọ gé mi lẹ́sẹ̀ n'Ígbóbì ni?" Ọ̀pọ̀ wa l'Ékòó ló ní ẹ̀rù yìí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n torí ẹ̀ dá Ìgbóbì sílẹ̀ ní 1945, kí ara wọn lè padà bọ̀ sípò.

Àwa náà jẹ̀bi. Kó má baà di ìjà, a bẹ̀rẹ̀ sí í ra oògùn ara ríro tí wọ́n ń pò pọ̀ sínú ọ̀rá fún wọn. Ó ṣiṣẹ́ o! Ojú wọn wú, a ní wọ́n ń sanra. Àfi ọjọ́ tí ìgbẹ́ wọn dúdú bí ọ̀dà, tí òòyì ń kọ́ wọn. Dókítà ní ọgbẹ́ ti wà nínú ikùn. Bí èèyàn bá ń lo ibuprofen tàbí diclofenac láìdáwọ́ dúró, ó lè dá ọgbẹ́ sínú ikùn, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Dexamethasone tí àwọn kan ń pò mọ́ ọn lè mú ojú wú, kó gbé ṣúgà àti ìfúnpá sókè. Àwa tí à ń sọ fún àgbẹ̀ pé kí wọ́n má po oògùn apakòkòrò láìka ohun tó wà lára ike!

Dókítà ní ohun tó dà bíi tìmùtìmù láàárín egungun ló ń jẹ lọ, àmọ́ kò tíì kan iṣẹ́ abẹ. Ó ní ká lọ rí àwọn físíò. Ohun tí wọ́n kọ́ màmá rèé:

1. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ, ẹ ka ení dé àrún, ẹ gbé e sílẹ̀. Ìgbà 10 fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láàárọ̀ àti lálẹ́. Iṣan itan tó bá lágbára ló ń gba orúnkún sílẹ̀.

2. Fún ìgbáròkó, ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ máa gbé ẹsẹ̀ tó wà lókè sókè díẹ̀díẹ̀.

3. Bí orúnkún ọ̀tún ló ń dùn yín, ọwọ́ òsì ni kẹ́ ẹ fi mú ọ̀pá.

4. Ẹni tó bá sanra jù, kó dín in kù. Kílò 1 tó bá kúrò lára ń gbé bíi kílò 4 kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, màmá ń kùn: "Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí, ẹ ní kí n máa gbé e sókè!" Wọ́n ṣáà ń ṣe é. Káfíńtà kan àga gíga fún wọn, àpótí ọjọ́sí di ti orí ata. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́ta, wọ́n ti ń dìde láìdi nǹkan mú. Ìrora ò tíì lọ tán, a ò ní parọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti padà sọ́jà.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ fi igi gígùn sí ọkọ́ yín. Ẹ má lóṣòó ti ebè ẹ̀fọ́ fún wákàtí gbọọrọ; ẹ máa pààrọ̀ iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kẹ́ ẹ pín ẹrù tó bá wúwo sí.

Àmọ́ bí orúnkún bá wú, tó gbóná, tí ibà tún wà níbẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ kan ṣàdédé wú, tàbí tí ẹ ò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ lẹ́yìn ìṣubú, ẹ má dúró ṣe eré ìdárayá kankan, ọ̀dọ̀ dókítà ni kẹ́ ẹ sáré lọ. Ẹni tó bá jẹ́ SS tí ìgbáròkó ń dùn, kó tètè lọ.

Màmá ní ká kí yín o. Orí ìdúró ni wọ́n wà tí wọ́n fi sọ ọ́.