Bí Àgbà Bá Ṣubú, A Wo Ẹ̀yìn: Ẹ̀kọ́ Tí Póókà Ń Kọ́ Òpè

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, “Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.” Ọmọdé ń wá ẹni tí yóò gbé e dìde, àgbà ń wá ohun tó gbé e ṣubú. Nídìí ayò, ohun tó gbé ènìyàn ṣubú kò ṣòro láti rí. Ihò 12 ni ọpọ́n ní, ọmọ ayò 48 ló wà nínú wọn, ọ̀ta àti òpè ló sì jọ ń wo gbogbo rẹ̀ ní gbangba. Bí òpè bá pàdánù, ọ̀nà kan wà tí ọ̀ta rí tí òun kò rí. Eré káàdì tí wọ́n ń pè ní póókà kò rí bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ènìyàn ti lè ṣe ohun tó tọ́ kó pàdánù, tó sì tún lè ṣe ohun tí kò bọ́gbọ́n mu kó kówó lọ sílé. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ irú eré bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń wo ẹ̀yìn.

Maria Konnikova jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó kọ́ ọ lójú gbogbo ayé. Ìlú Moscow ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1984, kékeré ló sì wà nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Amẹ́ríkà. Ó gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá ní Yunifásítì Columbia, ó sì ti kọ̀wé fún ìwé ìròyìn The New Yorker. Ọdún 2015 kò rọgbọ fún un rárá. Àìsàn dá a gúnlẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ àti lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ìyá rẹ̀ àgbà sì ṣubú, ó gba ibẹ̀ dágbére fáyé. Ó wá ń bi ara rẹ̀ léèrè pé: nínú ohun tó ń dé bá ẹ̀dá, èwo ló ti ọwọ́ ara rẹ̀ wá, èwo sì ni àkọsẹ̀bá lásán? Yorùbá tó bá gbọ́ ìbéèrè yìí yóò rántí orí àti ìpín. Ní ti Konnikova, inú ìwé tí John von Neumann àti Oskar Morgenstern kọ ní ọdún 1944 nípa ìmọ̀ eré àti ìṣe ọrọ̀-ajé ló ti rí ọ̀nà. Von Neumann, ògbóǹtarìgì onímọ̀ ìṣirò, gbà pé póókà jọ ìgbésí ayé, nítorí pé níbẹ̀, ènìyàn ń ṣe ìpinnu láìrí gbogbo ohun tó yẹ kó rí, láàárín àwọn tó lè máa hàlẹ̀ mọ́ ọn.

Konnikova kò mọ nǹkan kan nípa káàdì. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé 52 ni káàdì tó wà nínú páálí kan. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ ọ̀gá àwọn ọ̀gá ló gbà lọ láti kọ́ṣẹ́, ìyẹn Erik Seidel, ọmọ New York tó ti ṣiṣẹ́ ní ọjà ìpín Wall Street kí ọjà náà tó wó lulẹ̀ ní ọdún 1987. Ní ọdún 1988, Seidel ṣe ipò kejì nínú ìdíje tó ga jù lọ nínú World Series of Poker ní Las Vegas. Johnny Chan, tó gba ipò kìn-ín-ní, ti ní káàdì tó lágbára lọ́wọ́, ó sì ń ṣe bí ẹni tí kò ní nǹkan kan, títí Seidel fi ti gbogbo owó rẹ̀ síwájú. Ìṣubú yẹn gan-an ni wọ́n fi hàn nínú fíìmù Rounders tó jáde ní ọdún 1998. Ẹni tí gbogbo ayé ti wo ìṣubú rẹ̀ nínú fíìmù ni orúkọ rẹ̀ wá wọ àárín àwọn ẹni ọlá póókà ní ọdún 2010.

Oríṣi póókà tó wọ́pọ̀ jù lọ ni Texas Hold'em, òfin rẹ̀ kò sì gùn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gba káàdì méjì tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí káàdì márùn-ún sáàárín tábìlì fún ìlò gbogbo ènìyàn: mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà ọ̀kan, lẹ́yìn náà ọ̀kan sí i. Láàárín ìpele kan sí òmíràn, olúkúlùkù lè fi owó lélẹ̀, ó lè san iye tí ẹlòmíràn fi lélẹ̀, ó sì lè ju káàdì sílẹ̀ kó jáwọ́. Ẹni tí káàdì rẹ̀ bá lágbára jù ló kó owó àárín, àfi bí gbogbo àwọn yòókù bá ti sá kó tó di pé wọ́n ṣí káàdì. Ibẹ̀ ni ìhàlẹ̀ ti rí àyè, nítorí pé ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ lè fi owó ńlá lé àwọn tó sàn jù ú lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí òpè ní láti kọ́ ni kó lè jókòó láìṣe nǹkan kan. Éèsì méjì, tó jẹ́ káàdì méjì tó dára jù lọ láti fi bẹ̀rẹ̀, kì í wọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ìgbà 221. Púpọ̀ nínú káàdì tó ń bọ́ sí ènìyàn lọ́wọ́ kò níye lórí, jíjù wọ́n sílẹ̀ ló tọ́. Ṣùgbọ́n òpè wá ṣeré ni, kò fẹ́ máa wòran, nítorí náà yóò máa sanwó wo ohun tí kò yẹ kó wò. Ohun kejì ni ipò tí ènìyàn jókòó sí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn gbẹ̀yìn ti rí ohun tí àwọn yòókù ṣe kó tó ṣe tirẹ̀, àǹfààní ńlá sì ni. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí; lórí tábìlì póókà, ojú náà ni ènìyàn fi ń ṣọ́ àpò rẹ̀.

Ohun kẹta ni ìṣirò. Bí dọ́là 200 bá wà láàárín, tí alátakò fi 100 lé e, owó náà di 300. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú yóò san 100, àpapọ̀ yóò sì di 400. Nítorí náà, kí owó rẹ̀ má bàa máa ṣòfò, ó gbọ́dọ̀ lè jẹ ní ìgbà 25 ó kéré tán nínú 100. Kí ẹni yìí ní káàdì mẹ́rin tó ní àmì kan náà, kó máa retí ẹ̀karùn-ún, kó sì ku káàdì kan ṣoṣo tí wọn yóò ṣí. Káàdì 46 ni kò tíì rí, mẹ́sàn-án péré ló lè gbà á nínú wọn. Ìyẹn kò tó 20 nínú 100. Bí alátakò kò bá ní owó púpọ̀ mọ́ tó lè tún rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kó jáwọ́ ló tọ́.

Ká ní kò jáwọ́ ńkọ́, tí káàdì tó ń retí sì yọ lóòótọ́? Yóò kó owó náà, àwọn òǹwòran yóò patẹ́wọ́, yóò sì lọ sílé pẹ̀lú ìdánilójú pé òun ti mọ póókà. Jíjẹ tó jẹ ti kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ èké. Ní ìdàkejì, ẹni tó bá fi éèsì méjì kojú ọba méjì yóò jẹ ní nǹkan bí ìgbà 82 nínú 100, yóò sì pàdánù ní ìgbà tó kù. Lọ́jọ́ tó bá pàdánù, òpè yóò máa ké pé ayé ló ń ṣe òun. Seidel kì í fẹ́ gbọ́ irú ẹkún bẹ́ẹ̀ lẹ́nu Konnikova. Ohun tó máa ń béèrè ni bó ṣe ronú: kí ló rí, kí ló rò pé ẹni kejì ní lọ́wọ́, kí nìdí tó fi san iye tó san. Bí ìdáhùn bá mọ́gbọ́n dání, pípàdánù náà kì í ṣe ẹ̀bi. Bí kò bá mọ́gbọ́n dání, jíjẹ kò lè wẹ̀ ẹ́ mọ́.

Díẹ̀díẹ̀ ni Konnikova fi kọ́ ọ. Òfin New York kò fàyè gba póókà orí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ó máa ń sọdá odò Hudson lọ sí Hoboken ní New Jersey, yóò jókòó sí ilé kọfí, yóò sì ta á ní owó kékeré. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sí àwọn ìdíje kéékèèké ní Las Vegas. Nígbà tó ń yẹ eré rẹ̀ wò, ó rí àléébù kan tí kò sí nínú ìṣirò: ó ń jẹ́ kí àwọn ọkùnrin fi ìhàlẹ̀ lé òun kúrò nídìí owó, nítorí pé láti kékeré ló ti mọ́ ọn lára láti yẹra fún ìjà. Póókà fi ìwà rẹ̀ hàn án kedere. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, ó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje kan ní Bahamas, ó sì gba dọ́là 84,600. Ìwé tó kọ lórí ìrìn àjò náà, The Biggest Bluff, jáde ní ọdún 2020.

Ibi tí ewu ìtàn yìí wà nìyẹn, nítorí pé ẹni tó jẹ ni ayé máa ń rí. Ní ọdún 2003, Chris Moneymaker, akọ̀wé ìṣirò-owó láti Tennessee, gba ìdíje dọ́là 86 kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọ World Series of Poker, ó sì gba dọ́là mílíọ̀nù méjì àbọ̀. Ènìyàn 839 ló wọ ìdíje náà. Nígbà tó fi máa di ọdún 2006, iye wọn ti di 8,773. Gbogbo wọn ló gbọ́ orúkọ Moneymaker. Ta ló gbọ́ orúkọ àwọn 838 yòókù? Owó kì í bímọ lórí tábìlì póókà. Àpò ẹnì kan ló ti ń wọ àpò ẹlòmíràn, onílé sì ń yọ tirẹ̀ kó tó dé ibẹ̀. Nítorí náà, àpapọ̀ owó tí àwọn kan ń pàdánù gbọ́dọ̀ pọ̀ ju èyí tí àwọn yòókù ń jèrè lọ, bó ti wù kí gbogbo wọn kàwé tó. Òfin tó ṣáájú gbogbo òfin ni pé owó ilé, owó oúnjẹ àti owó ilé-ìwé ọmọ kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ẹni tí ìbínú bá sì ti gun orí rẹ̀, tó fẹ́ gba ohun tó pàdánù padà lóru ọjọ́ náà, kó dìde. Ìbínú kò da nǹkan, sùúrù ni baba ìwà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀dọ́ tó ń ta bẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù ní Ìbàdàn tàbí Èkó gẹ́gẹ́ bó ṣe kan ẹni tó jókòó sí Las Vegas. Tíkẹ́ẹ̀tì kan tó bá jẹ, gbogbo àdúgbò ni yóò rí àwòrán rẹ̀. Èyí tó kú, inú ihò ìdọ̀tí ló ń wọ̀ láìsí ariwo. Ó sì kan ẹni tí kò ta tẹ́tẹ́ rí. Awakọ̀ tó ya ọkọ̀ sílẹ̀ lójú kọ́nà tí kò rí iwájú, tó sì délé láyọ̀, kò wa ọkọ̀ dáadáa. Ọ̀nà ló ṣàánú rẹ̀. Àgbẹ̀ tó gbin àgbàdo lásìkò tó tọ́ tí òjò kọ̀ kò ṣe òmùgọ̀. Bí awakọ̀ bá fi délédélé náà ṣe ẹ̀rí, tí àgbẹ̀ sì sọ ọgbọ́n rẹ̀ nù nítorí ọ̀dá ọdún kan, àwọn méjèèjì ni yóò kábàámọ̀.

Àwọn àgbà ní kí ẹni tó bá ṣubú wo ẹ̀yìn. Póókà fi kún un pé ẹni tó dúró ṣinṣin, tí owó sì kún ọwọ́ rẹ̀, kó wo ẹ̀yìn náà.